Góńgó 68: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan lórí yíyan ìwọ̀n ara lẹ́yìn tí èèyàn ti jò púpọ̀

Kò tíì jókòó tó fi sọ ohun tó gbé e wá. "Dókítà, òṣùwọ̀n ti takú. Oṣù kẹrin rèé tí kò sún." Onímọ̀ oúnjẹ ni mí, èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun, orúkọ tí wọ́n máa ń pè é nìyẹn. Mo ti jáwọ́ nínú títún un ṣe. Obìnrin náà gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì ti yọ ohun tí wọ́n lè fi dá a mọ̀ kúrò.

Ẹni ọdún 38 ni. Ní oṣù 22 ṣáájú ọjọ́ yẹn, kílò 138 ló wọ̀n. Ó ga ní mítà 1.68, nítorí náà BMI rẹ̀, ìṣirò tó ń fi ìwọ̀n ara wé gíga, jẹ́ 48.9 nígbà náà. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní 164/102, oògùn méjì ni wọ́n sì kọ fún un. Àyẹ̀wò ṣúgà oṣù mẹ́ta tí à ń pè ní HbA1c jẹ́ 6.2, ìyẹn ni pé àtọ̀gbẹ ti dé ẹnu ọ̀nà, kò tíì wọlé ni. Èémí rẹ̀ máa ń dúró lójú oorun, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nímú ló fi ń sùn. Orúnkún ọ̀tún kì í jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn kan tán láìdúró sinmi.

Láìsí iṣẹ́ abẹ, láìsí abẹ́rẹ́, ó dín oúnjẹ kù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó sì sọ kílò 51 kalẹ̀. Kílò 87 ló wọ̀n lọ́jọ́ tó wá. Ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún ara rẹ̀ ti lọ. Ẹni tó bá ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí mọ̀ pé irú rẹ̀ ò pọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí òun ṣe rí i nìyẹn. Lójú tirẹ̀, ẹni tó kùnà ní ìparí eré ló jókòó síwájú mi.

Fọ́ọ̀mù tí à ń lò ní àpótí kékeré kan lókè lọ́wọ́ ọ̀tún. "Góńgó ìwọ̀n ara" ni wọ́n kọ sí i lórí. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló lè gbà. Mo bi í pé kí ni kí n kọ síbẹ̀, ó ní 68, mo kọ 68. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Gbogbo wàhálà tó tẹ̀lé e, inú àpótí yẹn ló ti jáde.

Kì í ṣe pé mo kàn kọ ọ́ ṣáá. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: kílò 68 fún ẹni tó ga bíi tirẹ̀, BMI 24.1 ni, ó sì wà láàárín 18.5 sí 24.9 tí ìwé ń pè ní déédé. Ọkàn mi balẹ̀. Ohun tí mi ò rò ni pé Adolphe Quetelet, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tó gbé ìṣirò yẹn kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1830, kì í ṣe oníṣègùn, kò sì wá ìwọ̀n tó yẹ ẹnì kan. Bí ara ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rí lápapọ̀ ló ń wá. Olùṣèwádìí Ancel Keys tó sọ ọ́ lórúkọ tuntun, BMI, ní 1972 náà, ìwádìí lórí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lò ó fún. Ìlà 25 ń sọ ibi tí ewu ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láàárín àwùjọ. Kò sọ ibi tí ẹni tó ti 138 bọ̀ yẹ kó dúró sí.

Oṣù márùn-ún tí mo fi ń yọ̀

Kálórì bíi 1,700 ló ń jẹ lóòjọ́ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, wákàtí kan ló sì ń rìn. Mo gé e sí 1,200. Mo ní kó fi ogún ìṣẹ́jú kún ìrìn. Òṣùwọ̀n tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀: 85, 83, 82. Ní oṣù karùn-ún, ó di 79. Mo ń fi tirẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn mìíràn.

Àwọn àmì kan ń yọjú láàárín ìgbà náà. Òtútù ń mú un. Yóò jókòó sí ọ́fíìsì mi pẹ̀lú súwẹ́tà nígbà tí èmi ń ṣí fèrèsé nítorí ooru. Irun rẹ̀ ń já, ó máa ń dí ihò omi balùwẹ̀. Ìyá rẹ̀ pè é sí kọ̀rọ̀, ó bi í pé, "Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́ tó ò fẹ́ kí n mọ̀?" Òun gan-an fi ṣe ẹ̀rín nígbà tó ń sọ fún mi. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró fún oṣù mẹ́ta, àyẹ̀wò oyún sì sọ pé kò sí oyún. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé mi ò bi í. Òun ló mẹ́nu bà á nígbà tó ń dìde láti lọ, bí ẹni rántí nǹkan kékeré kan.

Mo ní àlàyé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rá tó ń bo ara ti dín, òtútù ò lè ṣàì mú un. Irun máa ń já ní oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí èèyàn bá jò kíákíá, yóò padà hù. Nǹkan oṣù lè jẹ́ ti àìfararọ. Irọ́ kọ́ ni mo pa nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni pé mi ò so wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn, kí n rí i pé ara tí ebi ń pa ló ń pariwo láti ojúlé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Lẹ́yìn náà ló ṣubú. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ó dìde lórí ibùsùn, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, ohun tó tún mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni pé ilẹ̀ tútù ló kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun. Wọ́n rán an lójú mẹ́ta lókè ìpéǹpéjú. Nígbà tí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ ní ìjókòó, 106/66 ni. Wọ́n ní kó dìde dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, ó ti wálẹ̀ sí 84/54, òòyì sì ti ń kọ́ ọ.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ló béèrè oògùn tó ń lò. Oògùn méjì kan náà ni, ìwọ̀n kan náà tí wọ́n kọ fún un nígbà tó wọ̀n 138. Kílò 59 ti kúrò lára rẹ̀, ìdajì hóró kan ò kúrò nínú oògùn. Oníṣègùn tó kọ ọ́ ti rò pé èmi tí mò ń rí i lóṣooṣù ń bójú tó o. Èmi ti rò pé oògùn kì í ṣe iṣẹ́ mi. Aláìsàn náà sì rò pé bí ó bá yẹ kó dín, àwa tí a mọ̀ yóò ti sọ. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n dá ọ̀kan dúró, wọ́n sì gé èkejì sí méjì. Òòyì náà lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Bébà tí kò yí i lọ́kàn padà

Ìṣubú yẹn ló jẹ́ kí n ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe lọ́jọ́ kìíní. Mo mú bébà, mo fa ìlà sí i, mo kọ 138, 110, 87 àti 79 sí orí òpó mẹ́rin, mo wá ń kó èsì àyẹ̀wò rẹ̀ sábẹ́ wọn.

HbA1c: 6.2, 5.7, 5.3, 5.3. Ìfúnpá ti wálẹ̀ dáadáa kí ó tó dé 87. Orúnkún ti dákẹ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó wọ̀n 100. Àyẹ̀wò oorun tí wọ́n tún ṣe fún un nígbà tó wọ̀n 96 ló mú kí wọ́n gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún ní àyẹ̀wò kan tí kò náni ní nǹkan kan: jókòó sórí àga, ká ọwọ́ sí àyà, dìde lẹ́ẹ̀márùn-ún bí o ṣe lè yára tó. Ní 87, ìṣẹ́jú àáyá 11 ló gbà á. Ní 79, 16. Kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló ń bá a lọ ní oṣù márùn-ún yẹn, iṣan itan rẹ̀ náà ń lọ.

Kí wá ni èèyàn lè rí gbà láàárín 87 àti 79? Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lórí téèpù ìkùn, àti nọ́ńbà òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀. Ó tán.

Mo rò pé bébà yẹn yóò parí ọ̀rọ̀. Mo tiẹ̀ fi ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lórí dídènà àtọ̀gbẹ kún un, èyí tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002: kí èèyàn sọ ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ara rẹ̀ kalẹ̀, kó sì máa fi ìṣẹ́jú 150 rìn lọ́sẹ̀, ìyẹn ni góńgó tí wọ́n fún wọn, ó sì dín iye àwọn tí àtọ̀gbẹ mú kù ní ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá 7 nínú 138 kò pé kílò 10. Ó ti rékọjá rẹ̀ ní ìlọ́po márùn-ún.

Ó kà á tán, ó ká bébà náà dáadáa, ó fi sínú àpò rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun sà. Ṣùgbọ́n mi ò tíì dé 68."

Ojú ìwé ọjọ́ Jímọ̀

Òṣùwọ̀n ti tún takú ní 79 nígbà náà. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ oúnjẹ rẹ̀, 1,200 ni lójoojúmọ́, ó mọ́ bí ìwé oníṣirò owó. Àpapọ̀ ìsàlẹ̀ ni mo máa ń wò tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yìí mo gba ìwé náà, mo ń ṣí i lójú kọ̀ọ̀kan. Irú èyí tí wọ́n ti tẹ ọjọ́ sí lórí ni. Ọjọ́bọ̀, Sátidé. Mo ṣí i síwájú: Ọjọ́bọ̀, Sátidé. Ojú ìwé ọjọ́ Jímọ̀ kò sí. Kì í ṣe pé ó ya á. Abẹ fẹ́lẹ́ ló fi gé e, ó gún régé, débi pé bí èèyàn ò bá fi ìka tọ etí inú ìwé náà, kò lè mọ̀ pé nǹkan kan ti wà níbẹ̀ rí.

Mo gbé e ka orí tábìlì láàárín àwa méjèèjì. Mi ò sọ̀rọ̀. Ó wò ó, ó wò mí. Ó wá sọ pé lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, bí gbogbo ilé bá ti sùn, òun máa ń wọ ilé ìdáná, òun kì í tan iná, orí ìdúró ni òun ti máa ń jẹun títí inú yóò fi máa dun òun. Ní Sátidé, omi nìkan. Sunday, 1,200 tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: èmi ń ṣírò 1,200, òun ń gbé àṣírí kiri.

Ẹni tó bá rí irú èyí lọ́wọ́ aláìsàn rẹ̀, kó má dá a gbé. Mo kọ̀wé sí onímọ̀ nípa ìlera ọkàn kan, ó sì rí i lẹ́ẹ̀mẹjọ. Nǹkan tí a ń sọ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ kálórì.

Kí ó tó dìde lọ́jọ́ yẹn, ó ní kí n jẹ́ kí òun gun òṣùwọ̀n. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ wò. Ó gùn ún, nọ́ńbà náà yọ, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbá awọ tó rọ̀ sílẹ̀ níwájú ìkùn rẹ̀ mú láti orí aṣọ, ó gbé e sókè bí ẹni gbé ọmọ, ó sì tún wo nọ́ńbà náà. Kò yí padà.

"Èyí ńkọ́? Ṣé wọ́n ń ka èyí náà mọ́ mi?"

Wọ́n ń kà á. Ìbéèrè yẹn ṣe mí ju gbogbo ìwé tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ náà lọ. Ara tó ti wọ̀n 138 rí ti fẹ awọ láti bò ó. Nígbà tí ọ̀rá lọ, awọ kò bá a lọ. Kílò 79 rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ kílò 79 ẹni tí kò kọjá 80 rí. Iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè gbé awọ yẹn kúrò, àwọn oníṣẹ́ abẹ sì máa ń fẹ́ kí ìwọ̀n èèyàn ti dúró sójú kan fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ebi ni a fi ń lé awọ láti ìgbà yìí, awọ kì í sì í gbọ́ ti ebi.

Ibi tí 68 ti wá

Nígbà tó tún padà wá ni mo béèrè ohun tó ti yẹ kí n béèrè kí n tó fi bírò kan fọ́ọ̀mù.

"Nọ́ńbà 68 yìí, níbo lẹ ti rí i?"

Káàdì ilé ìwòsàn ni. Ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tó jẹ́ ẹni ọdún 21. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn, ó sì jẹ́ èyí tó kéré jù tí ẹnikẹ́ni kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ látìgbà tó ti dàgbà.

"Ó tó ìgbà wo tí ẹ fi wà ní 68?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. Ó kọ́kọ́ sọ ọdún kan. Ó ní rárá, kò tó ọdún. Ó tún ṣí ìka, ó ń rántí aṣọ tó ń wọ̀ nígbà náà, ó ń rántí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé. "Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn?"

Ó dákẹ́. Ó ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn ni. Mo ti dùbúlẹ̀ fún bí oṣù kan, mi ò lè jẹun." Ó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì pẹ́ ju bí ẹ̀rín ṣe máa ń pẹ́ lọ. Ọdún 17 ló ti fi ń lé ìwọ̀n tí àìsàn fún un.

Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ìbéèrè mẹ́ta. Bébà mi pẹ̀lú gbogbo òpó rẹ̀ kò lè ṣe ohun tí ó ṣe. Mo ti wá gbà pé góńgó tí kò ti ọ̀rọ̀ ìlera wá, èsì àyẹ̀wò ò lè tú u. Ó dìgbà tí èèyàn bá bá a dé ibi tó ti ṣẹ̀ wá.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo tún ka àkọsílẹ̀ ọjọ́ kìíní. "Òṣùwọ̀n ti takú. Oṣù kẹrin." Mo ti kà á sí àìsàn tí mo fẹ́ wò. Oṣù mẹ́rin gbáko ni obìnrin tó ti wọ̀n 138 fi wà ní 87, ó ń jẹun, ó ń sùn, nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá, kò gé ojú ìwé kankan. Ara rẹ̀ ti dáhùn kí n tó béèrè.

Ìdí wà tó fi rọrùn ní 87 tó sì di ogun ní 79. Ní 1995, àwọn olùṣèwádìí Leibel, Rosenbaum àti Hirsch fi hàn pé ẹni tó bá jò tó sì fẹ́ dúró síbẹ̀, agbára tí ara rẹ̀ ń ná lóòjọ́ máa ń dín ju bí kílò tó lọ ṣe yẹ kó dín in lọ. Ara ń fowó pamọ́. Ní 2011, Sumithran àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn àwọn họ́mọ̀nù tó ń pe ebi àti èyí tó ń sọ pé mo yó, wọ́n sì rí i pé ní ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti jò, àwọn họ́mọ̀nù náà kò tíì padà sí bí wọ́n ṣe wà. Ebi ṣì ń pa wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èrò tèmi ni pé bí ìwọ̀n bá ṣe ń lọ sílẹ̀ sí i, owó orí tí ara ń gbà lórí kílò kọ̀ọ̀kan ń ga sí i. Àwọn kan lè san án. Ó yẹ kí wọ́n mọ iye rẹ̀ kí wọ́n tó rà á.

Gígòkè padà

A kò wá nọ́ńbà mìíràn láti fi rọ́pò 68. Mo bi í pé: àwọn ohun tí ẹ lè máa ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí nǹkan ò lọ dáadáa, ọ̀sẹ̀ tí ọmọ ń ṣàìsàn, tí iṣẹ́ pọ̀, ìwọ̀n wo ni ìyẹn lè gbé dúró? Ó ronú títí. Ó ní bí 85.

A bẹ̀rẹ̀ sí í fi kálórì 150 kún oúnjẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, èròjà amúaradàgbà ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó dín ìrìn kù, ó fi eré ìdárayá tó ń fún iṣan lágbára rọ́pò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá, ó pè mí lálẹ́, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: kílò méjì àti díẹ̀ ti gun orí rẹ̀. Ó fẹ́ dá gbogbo rẹ̀ dúró. Èyí tún jẹ́ ẹ̀bi mi. Ara tí ebi ti pa máa ń kọ́kọ́ kún àwọn àpò agbára rẹ̀ tó wà nínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, gíráàmù kan irú agbára bẹ́ẹ̀ sì ń fa nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta omi mọ́ra. Omi ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo kàn gbàgbé láti sọ fún ẹni tó máa dá gun òṣùwọ̀n ní aago mẹ́fà òwúrọ̀.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ó dúró sí 84, ó ń jẹ kálórì bíi 1,750. Nǹkan oṣù padà ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá. Irun pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ó ń hù, kúkúrú-kúkúrú yí iwájú orí rẹ̀ ká. Ìdìde lórí àga di ìṣẹ́jú àáyá 10. HbA1c ò kúrò ní 5.3. Ìfúnpá dára pẹ̀lú ìdajì hóró oògùn kan. Ọjọ́ Jímọ̀ kò tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, lẹ́yìn náà ó di ohun tó máa ń sọ fún mi fúnra rẹ̀.

Ìdènà kan ṣì wà níwájú. Oníṣègùn kan níbòmíràn rí i, ó ṣírò BMI rẹ̀ ní 29.8, ó sì sọ fún un pé ó kù kílò 14 kó tó pé déédé. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan. Ó gbà wá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti tú u. Mi ò bá oníṣègùn náà jà, torí ohun tí èmi gan-an ṣe lọ́jọ́ kìíní nìyẹn. Mo kọ lẹ́tà ojú ìwé kan tó máa ń mú dání báyìí: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó dúró sí, àwọn èsì àyẹ̀wò, ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó lọ sí 79.

Ohun tó yí padà lọ́wọ́ mi

Mo ti ń fi àpótí góńgó sílẹ̀ lófìfo lọ́jọ́ kìíní. Tí aláìsàn bá sọ nọ́ńbà kan, mo máa ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé, pẹ̀lú ibi tó ti rí i, bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ rí, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i nígbà náà. Ẹnu yóò yà yín sí iye ìgbà tó jẹ́ àìsàn, tàbí ọ̀fọ̀, tàbí ẹnu ẹnì kan. Nínú ìwádìí kan tí Foster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1997, obìnrin 60 ni wọ́n bi léèrè góńgó wọn kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Lápapọ̀, wọ́n fẹ́ kí ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ara wọn lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 48, wọ́n ti sọ nǹkan bíi kílò 16 kalẹ̀, síbẹ̀ nǹkan bí ìdajì wọn ni kò dé ìwọ̀n tí wọ́n ti pè ní ìjákulẹ̀ pàápàá. Àwọn tó máa ń ka ìwádìí yẹn sábà máa ń sọ pé kí a dín góńgó àwọn èèyàn kù. Tèmi ni pé obìnrin tí mò ń sọ yìí rí ìdá 37, kò sì tó o. Kì í ṣe bí góńgó ṣe tóbi tó nìkan ni ìṣòro.

Ìfúnpá ní ìdúró àti nǹkan oṣù ti di ìbéèrè ìgbàkígbà, mi ò dúró kí aláìsàn mẹ́nu bà á. Bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ara bá ti lọ, mo ń kọ̀wé sí ẹni tó kọ oògùn, yálà ó bi mí tàbí kò bi mí.

Kì í wá ṣe gbogbo ẹni tí òṣùwọ̀n rẹ̀ dúró ló yẹ kó fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ká ní ní 87 ni HbA1c rẹ̀ ṣì wà lókè, tàbí èémí rẹ̀ ṣì ń dúró lójú oorun, ìmọ̀ràn mi ì bá yàtọ̀: a ì bá jọ jíròrò oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ, torí ohun tó ń wá nígbà náà yóò ní orúkọ. Dúkìá tí a fẹ́ rà ló ń sọ bóyá owó náà pọ̀.

Góńgó tí a fẹnu kò sí ni 82 sí 86, àròpín ọ̀sẹ̀ la sì ń wò, a kì í wo ti òwúrọ̀ kan. Bí àròpín bá dé 88, yóò pè mí, kò ní gé oúnjẹ kó tó pè. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí, kò tíì pè nítorí rẹ̀. Ó ń ronú nípa iṣẹ́ abẹ awọ, kò tíì pinnu.

Ní ìgbà tó wá kẹ́yìn, fáìlì rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì mi, ó sì rí i pé 68 ṣì wà lókè pẹ̀lú ọwọ́ mi. Mi ò rántí pa á rẹ́. Ó na ọwọ́, mo fún un ní bírò. Ó fa ìlà sí i lórí, ó wá fẹ́ kọ 82 sí 86 sínú àpótí náà, ṣùgbọ́n àpótí náà kéré. 82 wọ inú rẹ̀ tán. 86 bọ́ sí etí ìwé.